Bí Oyè Ọlọ́jà Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí pé ọlọ́jà ìlú wa lágbára láyé ọjọ́sí, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Lójú tiwọn, ọlọ́jà ni bàbá arúgbó kan tó ń jókòó sórí àga onítìmùtìmù níbi ìkómọ, tí wọ́n ń gbé máíkì sí lẹ́nu kó ṣàdúrà. Wọn ò mọ nǹkan kan. Nígbà tí ìjọba wa ṣì wà ní Ìbàdàn, tí à ń pè é ní Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ọlọ́jà ló ń pín igbó fún àwọn agégẹdú. Òun ló ń sọ ẹni tó lè dẹ ìgèrè ẹja àti ibi tí yóò dẹ ẹ́ sí. Bí ẹnì kan bá kú tí kò bímọ, òun ló mọ ẹni tó ni ilé rẹ̀. Òun ló ń sọ ẹni tó máa ní ìsọ̀ lọ́jà àti ẹni tí wọ́n máa fa ìsọ̀ tirẹ̀ ya. Ní káńsù, ẹnu rẹ̀ ni ẹnu ìlú, ọmọ tí ọlọ́jà bá sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ ni wọ́n ń rán lọ sí ilé-ìwé gíga. Bí ó bá bínú sí ọ, kò ní lù ọ́, kò ní bú ọ. Yóò kàn gbàgbé orúkọ rẹ ni. Mo mọ àwọn tí ó gbàgbé orúkọ wọn. Ìbá sàn kó lù wọ́n.

Oyè yẹn ni bàbá mi fẹ́ jẹ, ó sì tọ́ sí i. Èmi àkọ́bí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó jẹ ẹ́. Ojúmọmọ ni mo ṣe é, níwájú gbogbo ìlú.

Etí omi ni ìlú wa wà, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé ènìyàn débẹ̀ láti Ìbíadé. Ṣùgbọ́n wọn ò tọ́ mi síbẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo dàgbà sí, níbi tí bàbá mi ti jẹ́ olórí àwọn agégẹdú kan. Ọdún iléyá nìkan ló ń mú wa délé, ọjọ́ mẹ́ta, ó pọ̀ jù ọjọ́ mẹ́rin, a ó sì tún padà. Mo gbọ́ èdè ìlú, mo mọ ilé àwọn ẹbí, mo rò pé mo mọ ìlú tán. Ẹni tó bá ń jẹun bí àlejò ló máa ń rò bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi kò ní ìka ẹsẹ̀ méjì lẹ́sẹ̀ òsì, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ó ṣe pàdánù wọn kò ní ọlá kankan nínú. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń kó igi sí ọkọ̀, òṣìṣẹ́ kan lọ́ra, inú bí bàbá mi, ó fẹsẹ̀ ta igi kékeré tí wọ́n fi há gẹdú náà kó má yí. Gẹdú náà sì yí. Òṣìṣẹ́ tó lọ́ra fò, ó bọ́. Bàbá mi tó yára ni igi gùn lẹ́sẹ̀. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, n kò ní purọ́: nígbà tí wọ́n gbé e wọlé tó ń ké, inú mi dùn díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le. Àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìyá wa mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Nígbà tí mo parí ìwé, mo ṣe olùkọ́ kékeré ní ilé-ìwé kan ní Agọ́-Ìwòyè fún ọdún méjì. Mo ṣe ìdánwò láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo sì yege. Mo mú lẹ́tà náà délé, mo kúnlẹ̀, mo fi hàn án. Kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ìwé tí wo kà ti tó. Obìnrin éè fi ìwé se ọbẹ̀."

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun ti fi mí fún ọ̀rẹ́ òun kan. Ọkùnrin náà ní ọkọ̀ akógẹdú méjì àti ìyàwó méjì, ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, eyín rẹ̀ sì ti ń dágbére fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní n kò fẹ́ ẹ. Bàbá mi gbá mi létí níṣojú ọkùnrin náà, ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹnu tí kò ní eyín yẹn ni mo gbé sùn tí mo gbé jí fún oṣù púpọ̀.

Àárín èyí ni ọlọ́jà ìlú wa kú. Ìdílé mẹ́ta ló ń jẹ oyè náà ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ó sì ti kan ìdílé wa. Ìdílé ló ń mú ènìyàn wá, àwọn àgbà mẹ́fà tí à ń pè ní ìwàrẹ̀fà ló ń yàn án, Ìbàdàn á sì fọwọ́ sí i. Ènìyàn méjì ló dìde nínú ìdílé wa. Bàbá mi ni èkínní. Èkejì ni àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀ tí ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ìyẹn kò kúrò nílé rí, ó ń ta àwọ̀n, ó sì ní gẹ̀gẹ̀ kan lọ́rùn tó tó ọsàn tó ti gbó. Àwọn ìwàrẹ̀fà ní bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n, òun làwọn máa kọ́kọ́ gbé lọ sí èbúté, níbi tí wọ́n ti ń dán ẹni tó fẹ́ jẹ oyè wò.

Ẹ ò rí ayọ̀ rí. Bàbá mi fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó láìwo ẹ̀yìn, ó kó gbogbo wa wálé. Ó ra bàtà aláwọ̀ dúdú, ó ra ìbọ̀sẹ̀ awọ tó gùn dé kókósẹ̀, ó sì fi òwú di ibi tí ìka méjì yẹn kò sí. Láti ọjọ́ náà, kò bọ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀ níta mọ́. Ní mọ́ṣáláṣí, bí gbogbo ènìyàn bá ń da omi sí ẹsẹ̀ níbi àlùwàlá, òun á kàn fi ọwọ́ tútù pa orí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Lèmọ́mù wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní ìrọ̀rùn ọjọ́ mẹ́ta wà nínú ẹ̀sìn fún ẹni tó wà lórí ìrìn, ṣùgbọ́n ṣé alhaji ṣì wà lórí ìrìn ni? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò tíì lọ sí Mẹ́kà rí láyé rẹ̀. Ó kàn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì wọ bàtà rẹ̀.

Nílé, ó ń jókòó bí ọlọ́jà ṣáájú kí wọ́n tó yàn án. Ó ti pín igbó tán lẹ́nu. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ kò tíì ṣú tán, mo gbọ́ tó ń sọ fún oníyàwó méjì yẹn pé lẹ́yìn oyè ni ìgbéyàwó mi máa wáyé, kí àlejò lè pọ̀, àti pé igbó tó dára jù létí odò ni òun máa fi ṣe ẹ̀bùn fún àna òun. Igbó, èmi, igbó, èmi. Ó dà bíi pé wọ́n kó wa sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ èbúté, ó pè mí. Ó ṣàlàyé pé ní ìlú wa, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ ọlọ́jà gbọ́dọ̀ gba ojú omi wá, kó sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà, kó tẹ ẹrẹ̀ èbúté. Àkọ́bí rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ló máa bu omi, á wẹ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣe ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ìwàrẹ̀fà àti gbogbo ìlú á kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wò. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ìwàrẹ̀fà á béèrè bóyá ó pé, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò pé kò lè jẹ ọlọ́jà. Àkọ́bí á dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n á gbà.

Mo bi í pé, "Bàbá, kí ni kí n sọ?"

Ó wò mí bíi pé mo bi í léèrè ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní, "Ohun tí ọmọ í sọ ni wo á sọ."

Ó parí. Kò bẹ̀ mí. Kò ṣèlérí kankan. Kò ní, ọmọ mi, jọ̀wọ́. Ọwọ́ tó fi gbá mi létí náà ló fi ṣe mí bẹ́ẹ̀ pé kí n máa lọ. Mo dé yàrá, mo jókòó sórí ẹní. Mo ní, ó fẹ́ kí n purọ́ níwájú ìlú kó lè lágbára, kó lè fi agbára náà tà mí, kò sì rí i pé ó yẹ kí òun tilẹ̀ bẹ̀ mí.

Ọjọ́ kejì, oòrùn ti mú díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ yọ. Gbogbo ìlú ti wà ní èbúté, àwọn ìmàle, àwọn aláṣọ funfun tó ń gbàdúrà létí omi, àwọn apẹja tó pa iṣẹ́ tì. Àbúrò bàbá mi wà láàárín wọn pẹ̀lú gẹ̀gẹ̀ rẹ̀, ó fajú ro. Bàbá mi ti bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, àwọn ìwàrẹ̀fà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yí padà, gbogbo ìlú sì yí padà tẹ̀lé wọn. Ẹ̀yìn orí nìkan ni mò ń wò. N kò rí irú rẹ̀ rí, ìlú odindi tó kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn méjì.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó tẹ ẹrẹ̀, ó wá jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún un. Mo kúnlẹ̀, mo bu omi. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀tún rí bí ó ṣe yẹ kó rí, òsì rí bí ojú ẹsẹ̀ ẹranko. Mo wẹ ọ̀tún, mo wẹ òsì. Mo gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ti tó ọdún kan tó ti rẹ́rìn-ín sí mi kẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Mo ní nínú mi pé, ó dá ọ lójú, àbí?

Àgbà ìwàrẹ̀fà béèrè láìyíjú, "Ṣé ó pé?"

Mo ní, "Ó ku méjì."

Mo rò pé wọ́n á yíjú, wọn ò yíjú. Àgbà ìwàrẹ̀fà náà wúkọ́. Ó ní, "Etí mi éè gbọ́ mọ́ dáadáa, ọmọ mi. Kí wo wí?"

Mo rò pé adití ni. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Mo ní ó ku méjì. Ìka ẹsẹ̀ méjì ni kò sí."

Ó tún ní, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀ gan-an, "Wo tún un kà. Oòrùn í pa ènìyàn lójú."

Mo sì tún un kà. Mo kà á sókè, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní Agọ́-Ìwòyè, títí mo fi dé mẹ́jọ. Nígbà tí mo dé mẹ́jọ, obìnrin kan láàárín èrò figbe ta bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Àwọn ìwàrẹ̀fà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Wọn ò wẹ̀yìn. Ìlú tẹ̀ lé wọn. Ó ku èmi àti bàbá mi ní èbúté, ó sì ń gbìyànjú láti wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ tútù, kò sì wọ̀.

Wọ́n kọ orin fún mi kí ọjọ́ náà tó parí. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló há sọ́wọ́: òwe yẹn ni wọ́n fi ṣe ègbè. Ìyá mi gbọ́ ọ láti ojú ọjà, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, kò sọ̀rọ̀ sí mi fún ọjọ́ méje.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, àgbà ìwàrẹ̀fà yẹn ránṣẹ́ pè mí. Mo múra ìjà lọ. Mo ti kó gbólóhùn sílẹ̀ lórí òótọ́, nípa pé òótọ́ korò. Ó ní kí n jókòó, ó gbé èso agbálùmọ̀ fún mi, ó sì ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó jábọ́ lórí igi.

Ó ní, "Ọn éè wí fún ẹ ni?"

Mo ní, "Kí ni wọn ò wí fún mi, Bàbá?"

Ó ní ọlọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú yẹn, ìka ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Àkọ́bí rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, ó ní ó pé. Èyí tó jẹ ṣáájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí òpó, gbogbo ọjà ló ń rí i. Àkọ́bí rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, ó ní ó pé. Ó ní ọdún tí gẹdú yí lu bàbá mi gan-an ni ìròyìn ti dé etí àwọn, àwọn sì ti mọ iye tó kù.

Ó ní, "Bí a bá fẹ́ ka ìka, ṣé a éè lójú ni? Kí ló dé tí a í fi kọ ẹ̀yìn? A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó bí á bò ó ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ éè lè bò nílé, ta lá bò ó níta? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ọmọ mi. Mo bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú yẹn ló mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn, bí wọn ò ṣe ń kọ́ ènìyàn pé kó má fi oúnjẹ sí etí. Bàbá mi gan-an kò rò pé ó yẹ kí òun ṣàlàyé rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé òun ló tọ́ mi sí ìlú àwọn ẹlòmíràn.

Mo rìn bọ̀ wálé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ti mọ̀ ni, ǹ bá bò ó. Mo ti dàgbà báyìí, n kò ní àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá mo fẹ́ràn bàbá mi, ohun kan náà ni ǹ bá sọ. Bóyá ohùn mi ìbá tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé àbúrò bàbá mi gba ojú omi. Àkọ́bí rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbójú sókè sí gẹ̀gẹ̀ ńlá tó so lọ́rùn bàbá rẹ̀, ó ní, "Ó pé." Ìlú yíjú padà pẹ̀lú ariwo ayọ̀. Ó jẹ ọlọ́jà, Ìbàdàn fọwọ́ sí i, ó sì gbàgbé orúkọ bàbá mi. Ilẹ̀ tí bàbá mi fẹ́ fi dáko bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó lọ tọrọ igbó tí yóò gé, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tó yé e. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Oníyàwó méjì náà ránṣẹ́ pé òun kò ṣe mọ́, obìnrin tó lè ka ìka ẹsẹ̀ baba rẹ̀ níta, kí ni kò ní kà lára ọkọ? Bàbá mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀ dé alẹ́. Kò nà wá mọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́.

Orúkọ tèmi ni ọlọ́jà tuntun rántí. Ó pè mí sí ààfin, ó yìn mí níwájú àwọn àgbà pé olóòótọ́ ni mí, irú mi ni káńsù ń wá. Àwọn àgbà ń wo ilẹ̀. Ó fi orúkọ mi ránṣẹ́, káńsù sì ní àwọn máa rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Mo mọ̀ dáadáa ohun tó ń sanwó rẹ̀ fún. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo dúpẹ́.

Fọ́ọ̀mù náà dé, bàbá mi sì gbọ́dọ̀ tẹ ìka sí i. Òun ni òfin wí. Mo mú un lọ bá a ní ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo máa wọ ọkọ̀, pẹ̀lú tàdáwà. Ó ní kí n kà á. Mo kà á ní gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: orúkọ mi, ìlú mi, ẹni tó fi orúkọ mi ránṣẹ́. Mo pe oyè àbúrò rẹ̀. Mo pe orúkọ bàbá. Ìlà tó tẹ̀ lé e béèrè iṣẹ́ bàbá, mo sì fò ó.

Ó ní, "Kí ọn bi ẹ́ níbẹ̀?"

Mo ní iṣẹ́ yín ni.

"Kí wo kọ?"

Kò níṣẹ́ ni mo kọ. Mo ti kọ ọ́ ní àná, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́ gaara, mo sì fi rúlà fà á nídìí. Mo wò ó, ó ti rù, ìrùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun láàárín oṣù díẹ̀. Mo ní, "Mo kọ ọ́ pé olórí àwọn agégẹdú ni yín, Bàbá."

Ó yí ojú rẹ̀ sí mi pátápátá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà èbúté. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí.

Ó ní, "Áà. Wo mọ irọ́ pa kẹ̀."

Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Mo fi tàdáwà kùn ún, mo dì í mú, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó ní kí n máa yára lọ, kí ọkọ̀ má baà fi mí sílẹ̀.